Ọmọ mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì: ṣé kí n jẹ́ kí Windows wà lórí wọn ni tàbí kí n gba Linux?

Ìyá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èkìtì kete, mo kí gbogbo yín.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìlú Ọba fi láptọ́ọ̀pù méjì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi. Ọ̀kan jẹ́ HP EliteBook 840 G3, RAM rẹ̀ (ibi tí ẹ̀rọ ń lò bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) jẹ́ 8GB. Èkejì kéré, íńṣì 11 ni ojú rẹ̀, RAM 4GB, ààyè tí èèyàn lè kó nǹkan pamọ́ sí nínú rẹ̀ kò sì ju 32GB lọ. Windows 10 ló wà lórí méjèèjì. Kékeré yẹn ń pariwo lójoojúmọ́ pé ààyè ti tán, bẹ́ẹ̀ a ò tíì kó ohunkóhun sí i.

Àkọ́bí mi obìnrin wà ní SS2, ọdún tó ń bọ̀ ló máa jókòó fún JAMB, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Òun ni mo fẹ́ fún ní èyí ńlá. Àwọn ìbejì wà ní Pírámárì 4, àwọn ni yóò jọ máa lo kékeré. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi wà lọ́jà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà. Àkókò tí àwọn ọmọ yóò fi wà nídìí ẹ̀rọ yìí láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pọ̀, ohun tó ń kọ mí lóminú jù nìyẹn.

Ẹni tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Windows 10 ti kú, kí n ta méjèèjì, kí n fi owó lé e ra ọ̀kan tó ní Windows 11. Ọmọ kọ́pà tó ń gbé ní àdúgbò wa ní kí n má dá a lóhùn, pé Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni kí wọ́n fi sí i, pé ọ̀fẹ́ ni. Mi ò mọ èyí tí màá gbọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé Windows 10 ti kú? Bí mo bá gbà kí wọ́n fi Linux sí i, ṣé ọmọ mi á lè fi múra JAMB, ṣé á sì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un nílé-ìwé, nígbà tó jẹ́ pé Microsoft Word ni wọ́n ń kọ́ wọn? Báwo ni mo ṣe lè dí àwọn ìbejì lọ́nà ìwòkuwò? Dátà ńkọ́? Hotspot fóònù mi ni wọn yóò máa lò, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta dátà báyìí. Iná ọ̀dọ̀ wa náà, ẹ mọ̀ bó ṣe rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀ ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Tíṣà Ọyẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá Ìbejì. Olúwa á jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ọyẹ́, nítorí náà ti àkọ́bí yín ni màá sọ. Ẹ jẹ́ kí Windows wà lórí tirẹ̀. Gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà tí mo ti wọ̀ láwọn ilé-ìwé agbègbè wa, Windows ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ètò ìdánrawò JAMB tí wọ́n ń tà, Windows tàbí fóònù Android ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tí ìdánwò ti sún mọ́ tòsí, ẹ má jẹ́ kó tún máa wá ibi tí wọ́n gbé gbogbo nǹkan lọ.

Ní ti JAMB fúnra rẹ̀, láti 2015 ni gbogbo UTME, ìyẹn ìdánwò tí JAMB ń ṣe, ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lọmọ lè fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan mouse. A, B, C àti D ló fi ń mú ìdáhùn, N ló fi ń lọ sí ìbéèrè tó kàn, P ló fi ń padà sí èyí tó kọjá, S ló fi ń parí ìdánwò, R ló sì fi ń padà wọlé bó bá ti tẹ S láì tíì ṣe tán. Mo máa ń rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tó jẹ́ pé ìka ìlábẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fi tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí ojú rẹ̀ ń kúrò lára ìbéèrè lọ sára bọ́tìnnì, tó tún ń padà. Àkókò ń lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí kì í ṣe òye ló ṣaláìní, ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá pinnu láti fi sórí ẹ̀rọ yẹn, kí ọmọ náà máa fi ìka mẹ́wàá kọ́ títẹ̀ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi ju Windows àbí Linux lọ.

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjígbò

Màmá wa, ẹ kú ọjà o. Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ nípa títẹ̀ yẹn.

Ìjígbò ní Adó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láptọ́ọ̀pù ọmọ ilé-ìwé sì pọ̀ nínú ohun tí mò ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Windows 10 kò kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i dúró. Ẹ̀rọ yín á ṣì tàn, á ṣì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ihò tuntun tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú rẹ̀ látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dí i mọ́. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di October 13, 2026. Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀ téèyàn ń kọ́lé sí.

Kí ló dé tí Windows 11 ò ṣe gba ẹ̀rọ yín? Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ About sí. Nínú 840 G3, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni i5-6200U tàbí i5-6300U tàbí i7 tó jọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 6 tó ṣáájú yẹn ni ìran tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí iléeṣẹ́ Intel ṣe, jẹ́. Windows 11 kì í sábà gba ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ Intel, ó sì tún ń béèrè nǹkan ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Àwọn kan máa sọ fún yín pé àwọn mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tì í wọlé. Òótọ́ ni, ó ń wọlé. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn ti sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá tì í sí báyẹn, àwọn ò ṣèlérí pé àwọn á máa fi update ránṣẹ́ sí i. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kí n sì gbowó.

Ẹ má ta 840 G3 yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ni, ó lágbára, èèyàn lè ṣí i, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ní Adó. Bí ó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi SSD, irú dísìkì tuntun tí kì í yí, rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo owó téèyàn lè ná sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, mi ò rí èyí tí èrè rẹ̀ ń tètè hàn tó o. Bátìrì ló tẹ̀ lé e. Kò sí OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows tàbí Linux) tó lè sọ bátìrì tó ti gbó di tuntun, ní ilẹ̀ wa níbí sì rèé, bátìrì ni iná. Ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ mi láìsàn míì, tí iná kàn lọ nígbà tí update Windows ń lọ lọ́wọ́, tí kò sì lè tàn dé ibi tí èèyàn ti ń wọlé mọ́, wọn ò kéré.

Linux wàyí. Kì í ṣe nǹkan àjèjì bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Android tó wà lórí fóònù yín, Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń fi ọwọ́ kún un láti ìgbà náà. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí mo máa ń fi fún ọmọdé ni Linux Mint, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ Xfce, nítorí ojú rẹ̀ jọ Windows: bọ́tìnnì Menu wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, fódà wà níbi tọ́mọ ti mọ̀ ọ́n. RAM 2GB gbé e, 4GB ló dáa jù, 20GB ló sì ń fẹ́ lórí dísìkì. Mint 22 tó jáde ní 2024, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ títí di 2029. Nígbà yẹn àwọn ìbejì á ti wọ girama.

Ẹ ní ẹni tó bá ti ṣe é fún ọmọ tirẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. ThinkPad X250 ni mo fún un, Mint Xfce ló wà lórí rẹ̀, kò sì tíì sọ fún mi rí pé òun ń wá Windows. GCompris ló fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ ni, eré ẹ̀kọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá: ìṣirò, títẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, àwòrán ilẹ̀ ayé, aago kíkà, títí kan ayò. Tux Paint wà níbẹ̀ fún yíyàwòrán. Gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbà wọ́n wálẹ̀, lẹ́yìn náà kò nílò dátà mọ́ láéláé. Ẹ lè pa hotspot yín kí ẹ sì gbé fóònù yín lọ sọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí rèé. Ọ̀pọ̀ Windows tí wọ́n ń fi sórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ṣí. Ẹni tó fi í sí i á kọ́kọ́ pa ètò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí kọ́kọ́rọ́ ayédèrú náà lè ṣiṣẹ́, kò sì ní rántí tan án padà. Ẹ̀rọ ọmọdé wá dúró láìsí ìlẹ̀kùn. Ó gbé fláàṣì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó gbé e padà wálé, gbogbo fáìlì rẹ̀ di shortcut, iṣẹ́ tó ṣe fún tíṣà rẹ̀ lọ. Ọmọ á sunkún, ìyá á tún sanwó. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣe báyẹn, Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bó bá dé orí Mint, fáìlì lásán ni, ẹ ó rí i, ẹ ó sì pa á rẹ́. Mi ò sọ pé kò sí ewu kankan lórí Linux o. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń jẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa níyà, kò dé ibẹ̀.

Ìwòkuwò: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, kí orúkọ tí ẹ̀yin yóò máa fi wọlé yàtọ̀ sí tàwọn ọmọ. Tiyín ni yóò jẹ́ alábòójútó, páásíwọ̀dù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé etí ọmọ kankan, àní àkọ́bí pàápàá. Láìsí i, wọn ò lè fi ètò tuntun sí i, wọn ò sì lè yọ èyí tí ẹ fi sí i. Èkejì, mo máa ń yí DNS ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tó ti ń béèrè ọ̀nà ibi tó fẹ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí 1.1.1.3, pẹ̀lú 1.0.0.3. Iléeṣẹ́ Cloudflare ló gbé e kalẹ̀ ní 2020 fún àwọn ìdílé. Ọmọ bá tẹ àdírẹ́sì ibi ìhòòhò, kò ní ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ń jẹ dátà. Ẹ kàn rántí pé ẹsẹ̀ hotspot yín lẹ so ó mọ́. Bí ọmọ bá gba Wi-Fi ẹlòmíì, ó di títún ṣe. Ẹ̀kẹta, ètò kan wà nínú Software Manager Mint (ibi tí wọ́n ti ń gba ètò wálẹ̀) tó ń jẹ́ Timekpr-nExt. Ẹ lè sọ fún un pé àwọn ìbejì ò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan àbọ̀ lóòjọ́ lọ, kó sì jẹ́ láàárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Bí àkókò bá pé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe é.

Windows náà ní tirẹ̀, Family Safety. Ó dáa, mi ò ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àsẹ́ tó fi ń dí ìwòkuwò, inú Edge, ètò tí Microsoft fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ ní àkántì Microsoft, ẹ̀rọ sì ní láti máa bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ẹ bá yí padà. Fún ilé tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, kò bá a mu.

Dátà náà nìyẹn: Windows á máa fa update fúnra rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá sọ fún un pé hotspot yín jẹ́ metered, ìyẹn ni pé ẹ ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lò. Mint á fi àmì hàn yín pé update wà, á sì dúró títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ ọmọ mi ni: kékeré yẹn, kí Windows kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, kí Mint wọlé. 32GB kéré fún Windows, ìdí tó fi ń pariwo nìyẹn, kò sì ní dákẹ́. Ti àkọ́bí, èmi àti Tíṣà yàtọ̀ díẹ̀. Kí OS méjèèjì wà lórí rẹ̀. Bó bá tàn án, á bi í pé èwo ló fẹ́. Kí Windows 10 wà fún ìdánrawò JAMB àti Word, láì fi íntánẹ́ẹ̀tì kàn án rárá. Kí Mint jẹ́ èyí tó fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Windows tí kò ní àtúnṣe ààbò mọ́, tí kò sì bọ́ sí gbangba, ewu rẹ̀ dín kù púpọ̀. Báyìí ọmọ á ní ohun tí ilé-ìwé ń lò, ilé á sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Bàbá Fèyí, Ìdó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n Ìjígbò ti sọ ọ́ tán. Nǹkan kan péré ni màá fi kún un, nítorí ẹni tó bá ní kí Màmá ta méjèèjì, ó lè sọ pé kí wọ́n fi ra Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google.

Chromebook dára fún ọmọdé, ó tètè ń tàn, fáírọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ rẹ̀ tó wà ní ọjà wa, ọ̀pọ̀ wọn ti ilé-ìwé Amẹ́ríkà wá. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ra ọ̀kan. Bó ṣe tàn án tó gba Wi-Fi, ojú ìwé tó béèrè àdírẹ́sì íméèlì ilé-ìwé kan ló jáde. Ó fọ gbogbo inú rẹ̀ nù, ó tún padà síbẹ̀. Ilé-ìwé náà nìkan ló lè tú u sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tàn án níwájú olùtà, ẹ fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọlé dé inú rẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ tí Google máa dáwọ́ update rẹ̀ dúró, ó wà nínú Settings, níbi About ChromeOS. Àtijọ́ mìíràn, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí ó tó dé Èkìtì.

Ohun kejì ni pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ Chromebook kúrú. Èyí kò bá ohun tí Màmá sọ nípa dátà mu.

Àtipé, ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù àwọn ìbejì máa gbé ní pálọ̀, kó má wọ yàrá.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn lórí fóònù, ó sì ní kí n béèrè díẹ̀ sí i.

Bàbá wọn ní iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe lórí Mint, tó bá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tàbí fún tíṣà rẹ̀, ṣé á ṣí lórí Windows tiwọn? Àwa ò fẹ́ kó di pé wọ́n ń dá a padà nílé-ìwé.

Ó tún ní bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Adó kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo lè fi ọjà sílẹ̀. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbí, Windows ni mo rò pé wọ́n mọ̀. Ọmọ kọ́pà yẹn á sì parí ìsìn rẹ̀ láìpẹ́, á padà sílé.

Tèmi ni èyí: àkọ́bí mi ń ṣe Yorùbá ní SS2, ó sì máa ń ráhùn pé òun ò rí àmì ohùn fi sí iṣẹ́ òun. Ṣé Linux ní ọ̀nà kankan?

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjígbò

Ìbéèrè àgbà ni bàbá wọn béèrè.

LibreOffice ló máa bá Mint wá, ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fẹ́ máa fi irú tirẹ̀ pamọ́, tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .odt. Mo máa ń yí i nínú Options kó máa fi .docx pamọ́ nígbà gbogbo, kí ọmọ má baà ní láti rántí. Èyí tó bá fẹ́ tẹ̀ jáde, kí ó sọ ọ́ di PDF, bọ́tìnnì rẹ̀ wà lókè gbangba. PDF kì í yí padà, bí ó ṣe rí lójú rẹ̀ ló máa ṣe jáde. Ibi tí wàhálà lè wà ni iṣẹ́ tó ní tábìlì púpọ̀ tàbí àwòrán tí wọ́n tò sáàárín ọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣí i nínú Word, ìlà lè sún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó lọ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ Windows. Màá tún fi fọ́ǹtì tó gba ààyè kan náà pẹ̀lú Times New Roman àti Calibri sí i, kí ojú ìwé rẹ̀ má sún.

Ní ti àtúnṣe: fláàṣì tí mo bá fi Mint sí i, màá fún yín kí ẹ gbé e pamọ́. Ó lè tan ẹ̀rọ náà láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí dísìkì, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe lè kó fáìlì ọmọ jáde ná. Màá kọ páásíwọ̀dù alábòójútó àti DNS yẹn sórí ìwé fún ẹ̀yin àti bàbá wọn. Ohun tó ń bàjẹ́ jù lára láptọ́ọ̀pù, ìyẹn ṣájà, bátìrì, ojú rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù, kò kan OS. Ẹnikẹ́ni ní Ìkéré lè tún un ṣe. Ẹ kàn sọ fún wọn kí wọ́n má fọ́máàtì rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹnu mọ́ ọn, nítorí ó ti mọ́ àwọn kan lára.

Yorùbá? Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè. Mint ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nigeria, ẹ wọ ibi Keyboard, ẹ fi í kún un, ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Windows 10 náà ní tirẹ̀ nínú Language. Tí ó bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní wá àmì kiri mọ́. Màá tún fi Kiwix sí i fún wọn, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia Yorùbá wà níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì rírọrùn náà wà. Mo ti gbà wọ́n wálẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò ní fi dátà yín gbà á.

Tíṣà Ọyẹ́

Mo fara mọ́ kí OS méjèèjì wà lórí èyí ńlá, níwọ̀n ìgbà tí Windows bá ṣì wà. Ẹ̀rù tó kù fún mi ni pé ọmọ lè máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Mint nìkan nítorí ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí Word àti Excel wá di àjèjì sí i. Ẹ ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún Windows. Kí ọjọ́ Sátidé jẹ́ ti ìdánrawò JAMB látòkèdélẹ̀, wákàtí méjì gbáko, kí fóònù máa wà lọ́dọ̀ yín.

Oníṣẹ́ Ìjígbò, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yẹn. Láti ọ̀la ni màá ti fi í sí àwọn ẹ̀rọ tó wà ní yàrá wa.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

A ti fẹnu kò. Bàbá wọn ní kí wọ́n ṣe é bí Oníṣẹ́ Ìjígbò ṣe wí: Mint nìkan lórí kékeré, méjèèjì lórí ńlá, kí wọ́n sì wo bóyá SSD ló wà nínú rẹ̀. Yóò yà sí Adó ní Jímọ̀ bó bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, á kọ́kọ́ dé Ìkéré kó gbé wọn. Sátidé ti Tíṣà náà, mo ti sọ fún ọmọ, ó gbà. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjígbò

Àmín o, Màmá. Kí bàbá wọn mú ṣájà méjèèjì dání, kí ẹ sì ti kó fọ́tò tàbí ìwé tí àbúrò ọkọ yín bá fi sínú wọn sórí fláàṣì kí wọ́n tó gbéra, nítorí ti kékeré yẹn, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni màá nù. Tí wọ́n bá dé ṣáájú aago mẹ́ta, wọ́n á gbé méjèèjì lọ lọ́jọ́ náà.